Adégbénró àti Ìjàpá Aláìníkarawun

Bí ẹ bá gba Mọ́kọ́lá kọjá láàárín ọdún 1981 sí 1985, tí ẹ sì rí ọkọ̀ kan tí kò lórùlé, tí kò nílẹ̀kùn, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ hàn síta lẹ́yìn bí ìdí adìyẹ tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí, iṣẹ́ ọwọ́ Adégbénró lẹ rí. Bí ẹlòmíràn bá wà ní Ìbàdàn tó ń ṣe irú rẹ̀, èmi ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Panẹ́ẹ̀bítà ni. Ìgbòho ni wọ́n ti bí i, nínú ilé Onítẹ̀bọmi, ó sì wá kọ́ṣẹ́ ní Ìbàdàn kí ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kúkúrú ni, apá rẹ̀ le bí igi ọsàn, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ àfi tí ọ̀rọ̀ bá kan ọkọ̀. Ẹgbẹ́ ni èmi àti ẹ̀. Ìjọ kan náà là ń lọ ní Òkè Àdó, ìjọ Aládùúrà, níbi tí a ti ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà kí a tó wọlé. Èmi ni mo ń kọ ìran sílẹ̀ nínú ìjọ náà nígbà yẹn. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn, nítorí ọwọ́ mi wà nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Òyìnbó kan tó ń kọ́ni ní yunifásítì, tó ń gbé Bódìjà, ló kó àrùn ọkọ̀ aláìlórùlé yìí ràn án. Ní 1979, òyìnbó yìí fi ọkọ̀ rẹ̀ kọ lu màlúù lọ́nà Mọ́níyà, wọ́n sì wọ́ ọ wá sí ṣọ́ọ̀bù Adégbénró. Ọkọ̀ ọ̀hún dà bí ọpọ́n ìwẹ̀ ọmọdé tí wọ́n gbé lé táyà mẹ́rin. Òyìnbó ní bọ́gì ni wọ́n ń pè é, pé etí òkun l'Ékòó lòun ti máa ń gùn ún lórí yanrìn. Adégbénró rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ta ló fẹ́ lọ wa ọkọ̀ lórí yanrìn nígbà tí títì wà? Ṣùgbọ́n nígbà tó wọ abẹ́ rẹ̀, ẹ̀rín dá. Ó rí i pé Ìjàpá ni. Fọ́ọ̀sìwágìn kékeré tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá, èyí tí tíṣà àti nọ́ọ̀sì ń gùn, òun náà ni wọ́n bọ́ karawun lára rẹ̀, tí wọ́n gé kúrú, tí wọ́n wá fún ní karawun mìíràn tó fúyẹ́. Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá, ẹsẹ̀ Ìjàpá. Ó jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó lọ yá okùn ìwọ̀n lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, Ọlárónkẹ́, tó ń ránṣọ ní yàrá iwájú ilé wọn, ó sì fi ọjọ́ mẹ́ta wọn ọkọ̀ olóyìnbó láti orí dé ìdí. Ṣọ́ọ̀kì ló fi kọ gbogbo ìwọ̀n náà sára ògiri. Òyìnbó gba ọkọ̀ rẹ̀, ó padà sí ìlú rẹ̀ lọ́dún kejì. Ìwọ̀n kò kúrò lára ògiri.

Ọ̀nà tó ń gbà ṣe é nìyí. Á wá Ìjàpá tí ìpẹtà ti jẹ débi pé ewúrẹ́ lè ti ẹ̀gbẹ́ kan wọlé kó ti ẹ̀gbẹ́ kejì jáde. Á bọ́ bọ́dì rẹ̀ kúrò, á ku ìsàlẹ̀ pẹrẹsẹ. Á gé ìsàlẹ̀ náà ní ìbú, á yọ ẹsẹ̀ bàtà kan àti íǹṣì méjì kúrò láàárín, á wá fi iná jó o pọ̀ padà. Ojú ìsopọ̀ yẹn ló máa ń bẹ̀rù jù. Ó ní bó bá já lórí eré, ọkọ̀ á ṣẹ́ sí méjì bí ìrèké. Lẹ́yìn ìyẹn, á lọ kó amọ̀ lẹ́bàá odò ní Agbowó, á sì fi ọwọ́ mọ ìrísí bọ́dì tó fẹ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, bí ìgbà tí àwọn obìnrin ń mọ ìkòkò. Tí amọ̀ bá gbẹ, á fi àkékù àbẹ́là kùn ún kí fáíbà tó máa fi ṣe bọ́dì má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Ìjọ wa ló ti ń rí àkékù àbẹ́là náà. Èmi gan-an ni mo máa ń bá a ṣà á jọ lẹ́yìn ìsìn. Ní ti fáíbà, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi ṣe táǹkì omi ní Ring Road ló ti kọ́ ọ. Á tẹ́ ẹ lé amọ̀ ní ìpele ìpele, bí ẹni ń fi aṣọ wé ọmọ. Tó bá sì ti le, á fọ́ amọ̀ inú rẹ̀ dànù. Amọ̀ kan, ọkọ̀ kan. Kò sí bí méjì ṣe lè jọra.

Mọ́kọ́lá fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìjàpá Aláìníkarawun ni wọ́n sọ ọkọ̀ náà. Nàfísátù, tó ń ta ọ́ìlì ọkọ̀ lódìkejì títì, ló burú jù nínú wọn.

"Bàbá Wùnmí, òjò ṣú o. Ẹ sáré ra agboorùn fún ọkọ̀ yín."

"Ọkọ̀ tèmi kì í sá fójò," Adégbénró á dáhùn. "Ìwọ tó o jẹ́ iyọ̀ ni kó o wọlé."

Ọlárónkẹ́ náà ń kùn. Ó sọ fún ìyàwó mi pé ọkọ òun a máa fọwọ́ pa ọkọ̀ náà lára ju bó ti ń fọwọ́ pa òun lára lọ. Síbẹ̀ òun ló rán aṣọ àga rẹ̀, tó fi òwú funfun ṣe ọnà sí etí rẹ̀ yíká.

Ẹni kejì nínú iṣẹ́ yìí ni Wándé Ọlánípẹ̀kun. Ìgbòho ni òun náà ti wá. Lọ́rì kan náà ló gbé wọn wá sí Ìbàdàn, ẹní kan náà ni wọ́n jọ sùn lé fún ọdún mẹ́rin, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì di Aládùúrà. "Èkejì" ni wọ́n ń pe ara wọn. Wándé ń fín ọ̀dà ọkọ̀, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n fín tó o. Ó lẹ́wà, ẹnu rẹ̀ dùn, agbádá àti sùtánà yẹ ẹ́ bákan náà. Nínú ìjọ, ó ti di Alàgbà. Adégbénró kò di nǹkan kan. Ó máa ń pẹ́ dé ìsìn, òórùn fáíbà sì máa ń bá a wọlé, àwọn ìyá á sì rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọkọ̀ méjì àkọ́kọ́, ó tà wọ́n. Ẹ̀kẹta ló ní òun kò ní tà. Ó fi ohun tó lé lọ́dún méjì ṣe é, láàárín ìgbà tí ọjà wọ́n gógó, tí èèyàn ń tò lórí ìlà nítorí mílíìkì àti ọṣẹ.

"Méjì yẹn, mo ń kọ́ṣẹ́ ni," ó sọ fún mi. "Eléyìí ni mo mọ̀ ọ́n ṣe."

Iwájú rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ bí imú ẹja, iná méjì yọ lórí rẹ̀ bí ojú ọ̀pọ̀lọ́, páìpù èéfín méjì nà sókè lẹ́yìn, táyà ẹ̀yìn sì fẹ̀ tó ìlọ́po méjì ti iwájú. Wándé fín in ní àwọ̀ àgbálùmọ̀ tó pọ́n. Ó fín in lẹ́ẹ̀meje, ó ń fi omi àti pépà ha á láàárín ọ̀kan sí èkejì, títí èèyàn fi lè rí eyín ara rẹ̀ nínú rẹ̀. N kò ní purọ́ mọ́ Wándé. Ọ̀dà yẹn dára.

Àwọn olówó kan tó fẹ́ràn ọkọ̀ ní Bódìjà dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, wọ́n sì fẹ́ ṣe àfihàn ọkọ̀ ní pápá kan nínú oṣù Kejìlá ọdún 1985. Wọ́n ní ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọkọ̀, àwọn á pè é jáde, àwọn á gbé gbohùngbohùn fún un kó ṣàlàyé bó ṣe ṣe é. Ohun tí Adégbénró ń fẹ́ nìyẹn. Kì í ṣe owó. Ó ti tó ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì, wọn kò sì pe orúkọ rẹ̀ jáde láwùjọ rí àfi lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Ó ti ń dá ọ̀rọ̀ náà sọ ní ṣọ́ọ̀bù. Mo bá a lọ́jọ́ kan tó ń sọ fún àwọn táyà tó wà nílẹ̀ pé, "Ẹ̀yin ènìyàn pàtàkì, èmi Sámúẹ́lì Adégbénró ni mo fi ọwọ́ ara mi…" Ó rí mi, ó yáa bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ọwọ́. Wándé wà nínú ọgbà níbẹ̀, ó ń po ọ̀dà, ó ń rẹ́rìn-ín.

Kọngilá kan ní Bódìjà, Olóyè Adésànyà, rí ọkọ̀ náà, ó sì fẹ́ rà á. Adégbénró kọ̀. Ó padà wá, Adégbénró tún kọ̀. Olóyè wá gba ọ̀dọ̀ Wándé lọ.

"Èkejì, tà á fún ọkùnrin yìí," Wándé wí lọ́jọ́ kan tí mo jókòó tì wọ́n. "Gbogbo ọkọ̀ ilé iṣẹ́ ẹ̀ ló máa kó wá fún wa. O ó ṣe òmíràn."

"Mo ti fọ́ amọ̀ ẹ̀. Òmíràn ò lè sí."

"Amọ̀ ò tíì tán l'Ágbowó."

"Wándé, n ò tà á."

Wándé rẹ́rìn-ín, ó ní orí kunkun ló ń pa ará Ìgbòho. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Kẹsàn-án, a ń ṣe àdúrà ọ̀sán. Ènìyàn márùn-ún péré ló wá: Màmá Ọ̀ṣuntóyìn tí í ṣe aríran wa, obìnrin méjì tó ń wá ọmọ, Alàgbà Wándé, àti èmi pẹ̀lú ìwé ìran. Mo ní láti ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe é. Tí Ẹ̀mí bá gbé Màmá, wọ́n á sọ̀rọ̀. Tí Ẹ̀mí bá sì ti lọ, wọn kì í rántí ohunkóhun mọ́. Nítorí náà, ohun tí akọ̀wé bá kọ nìkan ló kù. Bẹ́ẹ̀ sì ni a kì í kọ àwòrán tí aríran rí, kí ìwé má baà tètè kún. Iṣẹ́ tí wọ́n rán nìkan là ń kọ. Kíákíá sì ni mo máa ń kọ ọ́, láìfi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ kankan. Ta ló ń ráyè fi àmì sórí ọ̀rọ̀ nígbà tí Ẹ̀mí ń sáré?

Lọ́jọ́ náà, Màmá gbọ̀n, wọ́n sì ní, "Mo rí Arákùnrin Adégbénró. Ó tẹ̀ba sílẹ̀, ó ń ro ilẹ̀ etí ọ̀nà, òógùn bò ó. Ilẹ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀. Kó jọ̀wọ́ ọkọ́ ọwọ́ rẹ̀ níwájú Olúwa, kó sinmi."

Ọkọ́. Ọkọ́ tí a fi ń roko. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi méjèèjì. Wándé jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún mi, orúnkún wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Òun náà gbọ́ ọ. Àwọn obìnrin méjì yẹn ń ké sí Ọlọ́run lórí ọ̀rọ̀ tiwọn, wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Mo yọ àwòrán kúrò gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, mo sì kọ ìlà kan péré:

Arakunrin Adegbenro. Ki o jọwọ ọkọ ọwọ rẹ niwaju Oluwa, ki o sinmi.

Ẹ wo ìlà yẹn dáadáa.

Adégbénró kò sí níbẹ̀. Alàgbà ló máa ń ka ìran fún ẹni tó ni ín lọ́jọ́ Ìsinmi. Èmi náà kò sí nílé lọ́jọ́ Ìsinmi ọ̀hún, nítorí àna mi kú ní Ìsẹ́yìn, mo sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀. Ìgbà tí mo fi máa dé, Ìjàpá Aláìníkarawun ti wà lábẹ́ igi máńgòrò nínú ọgbà ìjọ, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó. Ìjọ ń dúpẹ́. Bàbá Ìjọ sọ lórí pẹpẹ pé Arákùnrin Adégbénró ti jọ̀wọ́ ohun tó fẹ́ràn jù fún Olúwa. Mo bá wọn ṣe halelúyà. Mo rò pé Ẹ̀mí ló bá a sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. N kò so ó mọ́ ìlà tí mo kọ, nítorí nínú orí tèmi, ọkọ́ ni mo kọ.

Kò pẹ́ tí ìjọ fi ta ọkọ̀ náà. Wándé ló bá wọn ṣètò rẹ̀, Olóyè Adésànyà ló sì rà á. Wọ́n fi owó rẹ̀ kan páànù tuntun sórí ilé ìjọ, nítorí ti àtijọ́ ti ń jò. Nàfísátù gbọ́, ó kọjá títì wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní Mùsùlùmí lòun, òun kò mọ ìṣe wa, ṣùgbọ́n òun kò gbọ́ ọ rí pé ọkọ̀ tí kò lórùlé wá di òrùlé. Adégbénró kò bá a rẹ́rìn-ín. Kò sì ráhùn. Ó ní ohun tí Ọlọ́run bá béèrè, ta lòun tí òun á fi dì í mú? Ó kàn ń na ara táksí tó wó, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, bí ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ jẹ níyà.

Nígbà tí ọjọ́ àfihàn pé, ó ní kí n sin òun lọ. Wándé ti sọ fún un pé bó tilẹ̀ jẹ́ pé Olóyè ló ni ọkọ̀ báyìí, ẹni tó kọ́ ọ ni wọ́n máa pè. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, Ọlárónkẹ́ lọ̀ ọ́ kó lè gán. Ó fi òróró agbọn pa ọwọ́, kí wọ́n má baà rí bó ṣe sán. A dé pápá náà. Ọkọ̀ ń dán láàárín àwọn ọkọ̀ ńlá ńlá, ọmọdé yí i ká. Mo lọ sẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ sábẹ́ ẹ́ńjìnnì pé: WÁNDÉ ỌLÁNÍPẸ̀KUN LÓ KỌ́ Ọ.

N kò tíì rí bí mo ṣe máa sọ fún un tí wọ́n fi pe orúkọ. Wándé jáde nínú agbádá búlúù. Ó gba gbohùngbohùn. "Ẹ̀yin ènìyàn pàtàkì," ó wí, "èmi Wándé Ọlánípẹ̀kun ni mo fi ọwọ́ ara mi…" Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó sọ bó ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ olóyìnbó. Ó sọ amọ̀ Agbowó. Ó sọ àkékù àbẹ́là, àwọn èèyàn sì rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó dùn lẹ́nu rẹ̀ ju bó ṣe lè dùn lẹ́nu Adégbénró lọ.

Adégbénró dúró láàárín èrò. Mo dì í lápá mú, mo rò pé á pariwo. Ohun kan ṣoṣo ló sọ, jẹ́jẹ́.

"Ó gbàgbé íǹṣì méjì. Ẹsẹ̀ bàtà kan nìkan ló pè."

Táksí ló gbé wa padà. A dé Sábó. Ó wá ní, "Bí Ọlọ́run bá fẹ́ ọkọ̀ náà, ó dára. Ṣé Ó tún fẹ́ orúkọ mi ni?"

Mo ní kí ló dé tó tilẹ̀ fi gbé ọkọ̀ náà sílẹ̀.

Ó wò mí bí ẹni pé mo ń fi í ṣeré. "Ìwọ náà kọ́ lo kọ ọ́? Wándé ka ìwé yín fún mi lójú Bàbá Ìjọ. Kí n jọ̀wọ́ ọkọ̀ ọwọ́ mi níwájú Olúwa."

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀.  Ó yẹ kí n sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. N kò sọ ọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi gbé e sínú. Mo ń ronú orúkọ ìjọ, mo ń ronú Alàgbà tó ti gbàdúrà fún ọmọ mi tó sì yè. Mo tún ń sọ fún ara mi pé bóyá etí mi ló ṣì í gbọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń fi ọkọ̀ ro ilẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹwàá, mo gbé ìwé ìran sábẹ́ sùtánà, mo lọ sí Mọ́kọ́lá. Mo ṣí i fún un, mo fi ìka sí ìlà náà, mo sì sọ gbogbo ohun tí Màmá rí fún un, títí kan èyí tí n kò kọ.

Ó ka ìlà náà lẹ́ẹ̀mejì. "Kí ni ìwọ fi etí rẹ gbọ́?"

"Ọkọ́."

"Tún un sọ."

"Ọkọ́, Gbénró. Ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko."

Ó jókòó sórí táyà. "Ta ló tún gbọ́ ọ?"

Mo ní Wándé.

Ó dé ìwé náà, ó fi àkísà ọwọ́ rẹ̀ nu epo tó kàn án lẹ́yìn, ó sì dá a padà fún mi bí ẹni ń dá abọ́ padà fún aládùúgbò.

A lọ bá Bàbá Ìjọ. Wọ́n ránṣẹ́ pe Wándé, ó dé, ó kúnlẹ̀, ó ní ohun tó wà nínú ìwé lòun kà, òun kò fi lẹ́tà kan kún un. Òótọ́ ni. Wọ́n pe Màmá Ọ̀ṣuntóyìn. Màmá sunkún, wọ́n ní àwọn kò rántí, pé kí a má ní kí àwọn búra. Bàbá Ìjọ wo òkè, wọ́n wo páànù tuntun, wọ́n ní ohun tí a ti fi fún Ọlọ́run kò ṣeé gbà padà, kí Adégbénró jẹ́ kí ìjọ ó sinmi. Kí a tó jáde, mo mú báírò pupa, mo fi àmì sórí ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé, kí ẹni tó bá máa kà á lẹ́yìn wa lè mọ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n gba ìwé ìran lọ́wọ́ mi.

Mo gbà pé Ọlọ́run ń sọ̀rọ̀. Mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀ lónìí. Àárín ìjọ yẹn ni mo ṣì jókòó sí, mo sì ń gbọ́ òjò lórí páànù ọ̀hún. Ohun tó ń dùn mí ni pé bí ẹ bá gbọ́ gbogbo ìran náà tán, ìkìlọ̀ ni. Ilẹ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀, ẹlòmíràn ló máa jèrè rẹ̀, kó dá ọwọ́ dúró. Ọlọ́run rí olè kí olè tó dé, Ó sì ránṣẹ́. Iṣẹ́ tí Ó rán náà gan-an ni olè fi wọlé. Mo ti bi Í léèrè. N kò tíì gbọ́ èsì, n kò sì fẹ́ ẹni tó máa sọ fún mi pé kò yẹ kí n béèrè.

Adégbénró kò wá sí ìjọ mọ́. Àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, òun àti Ọlárónkẹ́ a máa kọrin nílé, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á jẹun. Kò ṣe bọ́gì mìíràn. Wándé gba ṣọ́ọ̀bù ńlá ní Ring Road, gbogbo ọkọ̀ Olóyè Adésànyà ló ń fín.

Nínú oṣù Kẹjọ ọdún 1986, mo wà lọ́dọ̀ Adégbénró ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀ nígbà tí wọ́n wọ́ Ìjàpá Aláìníkarawun dé. Awakọ̀ Olóyè ló jókòó nínú rẹ̀, Wándé sì ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú ọkọ̀ tirẹ̀. Ojú ìsopọ̀ lábẹ́ ọkọ̀ ti ń la. Wọ́n ti gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn méjì tó ń fi iná jó irin, ńṣe ló túbọ̀ ń la sí i.

"Èkejì," Wándé wí.

Adégbénró ń nu ọwọ́. 

"Gbénró, ìwọ nìkan lo mọ bó o ṣe so ó."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ kó o sọ kí n tó fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, kí ni Màmá sọ?"

Wándé wò mí, ó wo awakọ̀. "Ọdún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí po lórí ọ̀rọ̀ yẹn."

"Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Kò gùn."

"Ohun tó wà nínú ìwé ni mo kà."

"N ò bi ọ́ léèrè ohun tó o kà. Ohun tó o gbọ́ ni mo bi ọ́."

Nàfísátù ti dìde lódìkejì títì, ó ń wò wá. Mo ń gbàdúrà nínú mi pé kí Wándé sọ ọ́. N kò wá nǹkan mìíràn lọ́wọ́ Ọlọ́run lọ́jọ́ yẹn. Kò sí ọkọ̀ tó máa padà, kò sí páànù tí wọ́n máa tú. Ọ̀rọ̀ kan ni, ohùn òkè kan péré.

Wándé kọjú sí ọkọ̀ náà. "Ọkọ̀," ó wí. "Ọkọ̀ ni mo gbọ́."

Adégbénró mi orí bí ẹni tí wọ́n sọ iye aago fún. Ó ní kí wọ́n ti ọkọ̀ náà wọlé. Mo fà á sápá kan, mo ní ṣé ó fẹ́ ṣe é ni.

"Àwọn ọmọ Olóyè ló ń jókòó sẹ́yìn ẹ̀," ó wí. "Ọmọ ò mọ ẹni tó jí ọkọ̀."

Ó wọ abẹ́ rẹ̀. Ó gé gbogbo ohun tí àwọn yẹn lẹ̀ mọ́ ọn kúrò, ó fi irin tuntun gbá a lábẹ́ àti lókè, ó sì jó o títí oòrùn fi wọ́ kúrò ní àtàrí. Wándé jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kò sí ẹni tó bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tó parí, Adégbénró gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ awakọ̀, ó ní òun fẹ́ dán an wò, ó sì fi orí pè mí pé kí n wọlé. Láti ìgbà tí wọ́n ti fín ọkọ̀ yẹn ní ọ̀dà, kò wà á dé títì rí. Ó ń pa á mọ́ de ọjọ́ àfihàn.

A gba Dùgbẹ̀, a gba Òkè Àdó, a já sí Ring Road. Atẹ́gùn ń gbá wa lójú, omi ń dà lójú mi, bóyá atẹ́gùn ni. Ó ń fetí sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ bí dókítà. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń ju ọwọ́ sí wa. Ní Challenge, a dúró nítorí ọkọ̀ tó dí ọ̀nà, awakọ̀ táksí kan sì bọ́ sílẹ̀, ó wá fọwọ́ kan iwájú ọkọ̀ náà.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ló kọ́ eléyìí?"

"Èmi ni," Adégbénró dáhùn.

Ọkùnrin náà yí i po. Ó tẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn, ó ń ka ohun tó wà níbẹ̀ síta. Ó padà wá pẹ̀lú ẹ̀rín. "Ẹ̀yin gan-an ni Wándé Ọlánípẹ̀kun?"

Ọ̀nà ti là níwájú. Àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń fun fèrè. Adégbénró ṣì di kẹ̀kẹ́ ìdarí mú, ó ń wò ó.

"Rárá," ó wí, ó sì wakọ̀ lọ.

A padà dé Mọ́kọ́lá. Ó fún awakọ̀ Olóyè ní kọ́kọ́rọ́, ó ní ọkọ̀ ti dára, kí ó má sáré nínú kòtò. Kò wo ibi tí Wándé wà. Táksí kan tí wọ́n ti gbé wá látàárọ̀ wà nílẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ wó sínú. Ó tú ilẹ̀kùn náà, ó gbé e lé orí igi, ó ní kí n bá òun dì í mú kí òun nà án. Mo dì í mú. Ó gbé òòlù sókè, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ní ilẹ̀kùn ń yẹ̀ lọ́wọ́ mi, kí n dì í mú dáadáa.